Funfun Ńlá, Dúdú Kékeré

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ńlá ni mo fẹ́. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ géèmù bi mí pé irú èwo ni mò ń wá, mo ní kó gbé èyí tó tóbi jù lọ jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, wọn kì í wo bó ṣe tóbi tó o, géèmù tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń wò." Mo ní ta ló bi í? Ṣé òun ló fẹ́ bá mi rù ú délé ni?

Ó gbé méjì kalẹ̀ lórí káńtà. Ilé-iṣẹ́ méjì tí wọn ò fojú rere wo ara wọn ló ṣe wọ́n, ó sì dà bíi pé ńṣe ni wọ́n fi ìrísí wọn bú ara wọn. Funfun ni ọ̀kan. Òòró ló dúró, ó ga tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó sì lé díẹ̀. Abẹ́bẹ́ funfun méjì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ, ló gbá a mú lọ́tùn-ún lósì, ikùn dúdú wà láàárín, etí àwọn abẹ́bẹ́ náà sì ṣí síta lókè bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń wá ìjà kiri. Èkejì dúdú, kò ju bíríkì lọ. Igun mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ga, kò gùn, kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa ní "hà!" Bí wọ́n bá gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lè gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Mo ki ìka bọ àlàfo tó gba ẹ̀gbẹ́ funfun náà lọ láti òkè délẹ̀. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe, mo mọ ohun tí ooru máa ń fojú ẹ̀rọ rí. Mo ní, "Èyí ráyè mí. Bíríkì yẹn ńkọ́?" Ọmọbìnrin náà ní bíríkì náà ń mí o, abẹ́ ló ti ń fa atẹ́gùn, orí ló ti ń tú u jáde. Mo ní irọ́ ni. Mo ní kó bá mi di ti funfun náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èémí kọ́ ló jẹ́ kí n fẹ́ ńlá. Ọmọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Màmá mi torí pé ojú ìyá tó bí mi ló gbé wáyé, ló ń ṣọjọ́ìbí. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ń gbé, lọ́dọ̀ ọkọ tí ìyá ẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn tí èmi àti ẹ̀ pínyà. Sátidé Sátidé ló máa ń wá kí mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kò wá mọ́. Sátidé yìí, orí ń fọ́ ọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ilé-ìwé ti pọ̀ jù. Mo wá gbèrò. Ẹ̀rọ géèmù ló ní òun ń fẹ́, àbí? Ó dáa. Màá ra èyí tó tóbi débi pé kò ṣeé gbé kiri. Màá gbé e délé wọn kó fojú rí i, kó fọwọ́ kàn án, kí itọ́ dà lẹ́nu ẹ̀, màá sì gbé e padà sílé mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù á wá bá a níbẹ̀. Ẹ lè pè é ní pàkúté, mi ò ní bá yín jà.

Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan. Ẹ̀rọ agbéniròkè ibẹ̀, líífítì tí gbogbo ayé ń pè é, kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Èmi nìkan tó kún un, torí Ọlọ́run ò fi ikùn dù mí. Mo gbé páálí ńlá náà síwájú, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ilẹ̀kùn ti ń padé lọ nígbà tí mo rí ọwọ́ kan tó ki bọ àárín. Ẹni tó ni ọwọ́ náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ta ni kí n rí? Onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ yìí ni ọkọ ìyá ọmọ mi. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, òun náà ni mo fi ń pè é, nígbà tí n ò bá ní í pè é ní nǹkan míì. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, pọ́ńdà ló máa ń rùn, ohùn ẹ̀ sì máa ń rọ̀ bíi ti ẹni tó di abẹ mú sí ọ lọ́rùn tí kò fẹ́ kó o mira.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Mo ní, "Káàsán." Ẹ̀gbọ́n ta ni? Ìyá wo ló bí èmi àti ẹ̀ pọ̀?

Ó gbé báàgì kékeré kan kọ́ èjìká. Líífítì ń gòkè, ó ń kùn bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Lójijì ló ta gìrì, ó dúró. Iná tó wà lórí wa ṣẹ́jú, kò kú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò ṣí. Onígbàjámọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Mo tì í kúrò, èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mo wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn: "Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Èèyàn wà níbí o!"

Ohùn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá láti ìsàlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. "Ẹ fara balẹ̀ o! Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dókè! A ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe!"

Ìgbà wo ló máa dé? Kò sọ. Èmi ọkùnrin yìí, ẹ̀rù ibi híhá máa ń bà mí, mi ò jẹ́ fi pa mọ́. Bí oníbàárà bá pè mí wá tún fíríìjì ṣe, gbangba ìta ni mo máa ń wọ́ ọ lọ kí n tó tú ẹ̀yìn ẹ̀, bó ti wù kó wúwo tó. Níbi tí mo wà yìí, páálí tì mí láyà, ògiri tì mí lẹ́yìn, àyà mi ń lù kì-kì-kì, òógùn ń ṣàn gba etí mi. Kò sí ibi tí mo lè wọ́ ara mi lọ.

Onígbàjámọ̀ wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan yìí nínú páálí, ká ká páálí ọ̀hún pẹlẹbẹ. Àá ráyè díẹ̀."

"Má fọwọ́ kan nǹkan ọmọ mi."

"Kò burú."

Ooru ń mú sí i. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ni mo fa téèpù ya. Mo gbé funfun jáde, mo gbé e dúró sílẹ̀ láàárín wa, ó nà gàgàrà. Mo ń retí kí ìlara hàn lójú ẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ló ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin náà ra géèmù?" Ó ṣí báàgì èjìká ẹ̀, ó sì fa dúdú jáde, bíríkì tí mo fi sílẹ̀ lórí káńtà gan-an. "Mo pè yín lórí fóònù kí n tó rà á, ká má baà ra méjì. Ẹ ń pa á mọ́ mi létí ṣáá."

Òótọ́ ni. Tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti yọ, ńṣe ni mo máa ń pa á. Mi ò ní ohun tí èmi àti ẹ̀ máa jọ sọ.

Mo ní, "Gbé e sílẹ̀ ká wò ó." Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní í purọ́. Dúdú ò kọjá ìdajì funfun. Mo ní, "Ṣó o rí i? Bí bàbá ṣe máa ń dúró ti ọmọ nìyẹn."

"Ó ga lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, orí ẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ. Tí ọmọdé bá fẹsẹ̀ kọ ọ́, ó ṣubú nìyẹn."

"Ó lẹ́sẹ̀! Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú páálí, wọ́n á dè é mọ́ ọn nídìí."

"Ẹ̀rọ wo ló máa ń wọ bàtà kó tó lè dúró?"

Inú bí mi. Mo ní kò pọn dandan kó dúró, ó lè dùbúlẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lórí abẹ́bẹ́ ẹ̀ bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó jókòó, kò jókòó. Ọkùnrin yìí ò rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó ń wo òrùlé líífítì, mo sì mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ni mo bá já dúdú gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo yí i pa dà, mò ń wá àbùkù. Ihò ló wà lórí ẹ̀ jákèjádò bíi ti ajere, ihò tún wà lábẹ́. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọkàn mi ti kúrò lórí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ wa, mo wá rò pé ibi tí màá ti mú un ti yá.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì," ni mo wí. "Ó ń pè ọ́ ní Bọ̀ọ̀dá. Abẹ́ òrùlé ẹ ló ń sùn. Tó o bá fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ kékeré lo rà fún un?"

Kò tiẹ̀ rò ó kó tó dáhùn. "Torí ìrìn àjò ni, ẹ̀gbọ́n. Báàgì kọ̀ọ̀kan ni ìyá ẹ̀ ní kí kálukú gbé. Èyí nìkan ló gbà nínú báàgì ọmọ náà tí aṣọ ẹ̀ ṣì tún ráyè."

"Ìrìn àjò wo?"

Ó yíjú sí mi. Mo rí i bí ojú ẹ̀ ṣe yí pa dà díẹ̀díẹ̀. Ohùn tó máa ń rọ̀ yẹn sá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n... ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

Ó wá sọ ọ́, torí kò síbi tó lè gbà sá. Ìyá ọmọ ti ríṣẹ́ sí ìlú míì, ibi tó jìnnà, ibi tí èèyàn ò lè lọ lónìí kó pa dà lónìí. Òun náà ti rí ibi tó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ ní òun fẹ́ bá mi sọ lónìí gan-an nìyẹn, tó fi ní kí n má ṣe pẹ́. Òun rò pé wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, pé ẹ̀bùn ìdágbére ni mo gbé dání.

Ìdágbére kẹ̀! Mo fẹ́ gbá a létí, kí n má parọ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sáyè tí màá ti na ọwọ́. Ìgbátí pàápàá fẹ́ àyè. Mo kàn dúró gbagidi, ọwọ́ mi há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi, mò ń wo ojú ẹ̀ tí kò ju ìka mẹ́rin sí tèmi lọ.

"Kò síbi tó ń lọ," ni mo wí. "Lójú ẹbí méjèèjì la ti sọ ọ́ nígbà tá a pínyà. Kò sẹ́ni tó máa mú ọmọ yẹn kúrò nílùú yìí àfi tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé ó yá."

"Ìyá ẹ̀ mọ̀. Ó ní láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, kò sẹ́ni tó ń lọ nínú wa."

"Ẹ sì ti di ẹrù!"

"A ti di í díẹ̀."

"Ẹ lọ tú u. Mi ò gbà. Ó tán."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n." Kò jà. Kò bẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, nítorí ká ní ó jà ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Mo ní, "Ọmọ ńkọ́? Òun fẹ́ lọ?"

"Ìyẹn, ẹ bi í fúnra yín."

Èémí mi ò já gaara mọ́. Gbogbo ògiri náà ń súnmọ́ mi. Mo tú bọ́tìnnì ọrùn mi, kò tó. Onígbàjámọ̀ ya ewé kan lára páálí mi, ó sì ń fi fẹ́ mi lójú, fẹ́-ẹ́, fẹ́-ẹ́, bó ṣe máa ń fẹ́ irun kúrò lọ́rùn oníbàárà. Ọkùnrin tó fẹ́ gbé ọmọ mi lọ ló ń fún mi ní atẹ́gùn. Mo sì gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ìró irin lókè orí wa. Atúnlíífítì-ṣe ti dé. Ó ti ọ̀pá bọ ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi gbogbo agbára ṣí i, ilẹ̀kùn sì sún díẹ̀, ó há. Ilẹ̀ àjà òkè wà ní ọ̀gangan àyà wa. Àlàfo tó ṣí ò ju ibi tí ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbà lọ.

"Ibi tó lè ṣí dé nìyí," ni atúnlíífítì-ṣe wí. "Mo ní láti gòkè lọ síbi ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ó ti dúró gbọn-in, kò ní í rìn. Ẹni tó bá lè yọ́ jáde, kó máa yọ́."

Onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ ti dúdú síta. Ó kọjá láìfara kan ibì kan. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Mo lè dúró tì yín o, ẹ̀gbọ́n, títí wọ́n á fi tún un ṣe." Mo ní kó máa lọ. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀ òkè, ó gbé ara ẹ̀ sókè, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jáde bí òwú tó gba ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Èmi náà dán an wò. Orí kọjá, èjìká kan kọjá, ikùn ní rárá. Mo pa dà sílẹ̀. Mo gbé funfun náà, mo nà á ró, kọ́là ẹ̀ kọ́ ilẹ̀kùn. Mo dorí ẹ̀ kodò, ó tún kọ́ ọ. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ síwájú, mo fi ìdí ẹ̀ síwájú, bákan náà ni. Gbogbo ohun tó wù mí lára ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ń dá a dúró. Mo gbé e sáyà, mo sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ eré ẹsẹ̀. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ lókè, ó fi ojú síbi àlàfo náà. Ojú ìyá mi.

"Dádì, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Rárá o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ìbí o, ìyá arúgbó."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ti sọ fún yín."

"Wọ́n ti sọ ọ́."

"Ìdí tí mi ò ṣe wá ní Sátidé nìyẹn. Màmá ní kí n má sọ ọ́, pé àwọn ló máa sọ ọ́. Tí mo bá sì rí yín, màá sọ ọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Mo fi èjìká nù ún, torí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ẹ̀rọ. Èmi ti rò pé ó ti ń gbàgbé mi. Mo bi í pé ṣé ó wù ú láti lọ. Ó ń fi èékánná họ etí ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ní màá ní yàrá tèmi," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mú nǹkan dání tí kò fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun. "Ó ní wíńdò." Nílé tiwọn, pálọ̀ ló ń sùn. Nílé tèmi náà, pálọ̀ ni. "Ẹ jẹ́ n rí ohun tẹ́ ẹ rà fún mi."

Mo gbé e sókè síbi àlàfo náà. Ó ti ọwọ́ kékeré wọlé, ó fi ìka tọ etí abẹ́bẹ́ funfun náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí dé ibi tó ti ṣí síta.

"Ó tóbi ju ti Bọ̀ọ̀dá lọ gan-an!"

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ ra nǹkan ọ̀hún nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ báyìí, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

"Dádì, ṣé báàgì mi á gbà á?"

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Mo lè ní kò ní í gbà á, pé ilé mi ló máa wà, pé kò síbi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi nínú ẹbí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi, á pa dà sí pálọ̀ tó ti ń bọ̀, èmi àti ẹ̀ á sì jọ há sílùú yìí. Atúnlíífítì-ṣe ń lu irin lókè. Ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà nínú líífítì lọ́dọ̀ mi, ó ń retí.

"Á gbà á," ni mo wí. "Sọ fún ìyá ẹ pé mo ní ó yá. Tí báàgì bá kún jù, yọ aṣọ díẹ̀ kúrò, kó o fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Aṣọ èwo?"

"Èyí tó o ti wọ̀, tí wọn ò tíì fọ̀."